Méje Tí Mo Fi Ojú Wọ̀n

Ẹ gbé àga yẹn kúrò lẹ́yìn mi, ẹ jọ̀ọ́. Mi ò fẹ́ jókòó. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí, bí mo bá jókòó tì í, mo mọ ara mi, mo tún máa gbé e mì ni. Ọdún kọkànlá tí mo ti ń gbé e mì rèé. Ẹ ní ẹ fẹ́ kọ orúkọ mi sókè ilẹ̀kùn yàrá nọ́ọ̀sì tuntun, torí pé mo ti ń yọ̀ǹda ara mi fún àgọ́ ìsinmi àwọn ọmọ yìí láti ìgbà tí irun mi ṣì dúdú. Ẹ ṣeun. Ẹ má kọ ọ́. Kí ẹnikẹ́ni tó pàtẹ́wọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo fi ṣe ọmọ ọlọ́mọ.

Ẹ mọ̀ pé ìtọ̀ ṣúgà ti mú èmi náà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, dókítà sọ fún mi pé kíndìnrín mi ti ń dágbére. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ikú ló lé mi dìde. Lẹ́tà tó wà níwájú alága yẹn ni. Ọmọbìnrin kan ló kọ ọ́, ó ní òun fẹ́ wá bá wa tọ́jú àwọn ọmọ tó ní ìtọ̀ ṣúgà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti kọ irú ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ìgbìmọ̀ yìí ti ní rárá, èmi náà sì nawọ́ pẹ̀lú yín, torí ó wà nínú ìwé àgọ́ pé nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án, ó fi abẹ́rẹ́ rẹ̀ tó ń mú ṣúgà wálẹ̀ ṣeré. Irọ́ ni. Èmi ni mo pa irọ́ náà.

Òun ló jókòó sẹ́bàá ilẹ̀kùn lọ́hùn-ún yẹn, pẹ̀lú ìyá rẹ̀. Èmi ni mo ránṣẹ́ pè wọ́n, wọn ò sì tíì mọ ìdí. Àwọn tó ti pẹ́ níbí á rántí rẹ̀. Kíléyìí là ń pè é, torí kò sí ohun tí kì í béèrè. "Màmá Aránṣọ, kí lèyí? Ta ló kọ́kọ́ mọ̀ pé ṣúgà wà nínú ẹ̀jẹ̀? Ṣé ó tọ́ ọ wò ni?" Mo máa ń sọ fún un pé, "Kíléyìí, ẹnu rẹ á gbó kí ẹsẹ̀ rẹ tó gbó." Á rẹ́rìn-ín, á tún béèrè òmíràn.

Ẹ mọ iṣẹ́ mi. Aránṣọ ni mí, ojú mi sì ni tépù mi. Ẹni tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù mi, kó tó kí mi tán, mo ti mọ bí ìbàdí rẹ̀ ṣe tó. Mi ò ba aṣọ ẹnikẹ́ni jẹ́ rí. Ìgbéraga yẹn ni mo gbé wá síbí. Òfin àgọ́ sì ṣe kedere: kí ọmọ kankan tó wọ adágún ìlúwẹ̀ẹ́, a ó gún un lọ́mọ ìka, a ó kán ẹ̀jẹ̀ sẹ́nu ẹ̀rọ kékeré yẹn, a ó kọ nọ́ńbà tó bá gbé jáde sínú ìwé. Méje dáa; bó bá kéré sí mẹ́rin, ọmọ á mu omi ọsàn, á sì dúró ná.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ọmọ méjìlá ló tò síwájú mi, ariwo gba gbogbo ibẹ̀. Mo gún mọ́kànlá. Ó ku Kíléyìí nìkan, ni bátìrì ẹ̀rọ bá kú. Ẹ̀rọ kejì wà ní yàrá nọ́ọ̀sì, ní òdìkejì pápá, orúnkún sì ń dùn mí. Mo wo ọmọ náà láti orí dé ẹsẹ̀ bí mo ṣe ń wo oníbàárà. Ara rẹ̀ yá gágá. Méje ni ẹ̀rọ kà fún un láàárọ̀, mo bá kọ méje. Háà! Mo fi ojú wọn ẹ̀jẹ̀ ọmọ ọlọ́mọ bí ẹni ń wọn ìbàdí! Ó ní, "Màmá Aránṣọ, ẹ ò tíì gún mi." Mo ní, "Mo ti wò ọ́. Bọ́ sómi." Ó ní, "Ṣé ojú lásán máa ń rí ṣúgà ni?" Ẹ gbọ́ ìbéèrè ọmọ ọdún mẹ́sàn-án! Mo jágbe mọ́ ọn: "Ìbéèrè rẹ ti pọ̀ jù! Ṣé o fẹ́ lúwẹ̀ẹ́ àbí o ò fẹ́?" Ó wọ omi.

Kò pé ogún ìṣẹ́jú. Olùṣọ́ omi fọn fèrè, ó bẹ́ sínú adágún pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀. Nígbà tó gbé e jáde, ọrùn ọmọ náà rọ̀ bí aṣọ tútù. Nọ́ọ̀sì sáré gbé ẹ̀rọ dé: méjì. Ó fi ṣúgà kùn ún lẹ́nu, ó gún un lábẹ́rẹ́ tó ń gbé ṣúgà sókè, wọ́n gbé e dìgbàdìgbà lọ sílé ìwòsàn. Èmi dúró síbẹ̀, ìwé lọ́wọ́ mi, méje tí mo kọ ń wò mí.

Ká ní ó parí síbẹ̀ ni, ẹ̀bi ọ̀lẹ ni ì bá jẹ́. Ẹ fún mi lómi. Rárá, ẹ má wulẹ̀ fún mi, mi ò tíì dé ibi tó burú jù.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì ọmọ náà, dókítà àgọ́ ṣí ìwé. Ó ní, "Méje kì í ṣàdédé di méjì ní ogún ìṣẹ́jú. Màmá, ṣé ẹ gún un lóòótọ́?" Gbogbo ojú yí sí mi. Mo rò ó wò: bí mo bá sọ òótọ́, wọ́n á lé mi. Ọkọ mi ti kú, mi ò bímọ, àgọ́ yìí ni ilé mi. Ẹnu mi bá là, mo ní, "Mo gún un. Ṣùgbọ́n mo rí i nídìí àpò abẹ́rẹ́ rẹ̀. Àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé ó fún ara rẹ̀ lábẹ́rẹ́ kún un." Ọmọ náà wò mí, ó ní, "Màmá Aránṣọ, ṣé mo ṣe bẹ́ẹ̀?" Kò bínú o. Ó ń béèrè ni, bó ṣe máa ń béèrè, torí ó gbà pé mo mọ̀. Iyè rẹ̀ ò tíì padà tán, kò rántí ọ̀sán àná. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ọwọ́ yìí náà ni. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ mi. O ti gbàgbé ni." Ó ní, "Ẹ má bínú." Èmi ló ń bẹ̀!

Wọn ò gbà á ní àgọ́ mọ́. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ìyá rẹ̀ wá bá mi lẹ́nu géètì, ó ní, "Màmá, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n. Mo ti ń ti abẹ́rẹ́ rẹ̀ mọ́nú kọ́bọ́ọ̀dù, kò gbẹ́kẹ̀ lé ọwọ́ ara rẹ̀ mọ́. Kò tiẹ̀ béèrè nǹkan kan mọ́." Mo ní, "Ọlọ́run á ṣe é." Ẹ wo ẹnu àgàbàgebè! Mo wọlé padà, mo ń rán aṣọ ìbora fáwọn ọmọ, ẹ ń pè mí ní ìyá rere. Ẹ̀jẹ̀ ń bẹ nínú, itọ́ funfun ni mo ń tu jáde.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Tèmi ò tiẹ̀ lè pé ogún. Alága, ìwé ọjọ́ náà rèé, mo jí i lẹ́yìn tí dókítà kà á tán, abẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ mi ló wà láti ìgbà yẹn. Ẹ fi ìlà pupa pa méje yẹn rẹ́, kí ẹ sì fọwọ́ sí lẹ́tà rẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dara pọ̀ mọ́ wa, bí ẹ ò bá rí nọ́ńbà, ẹ fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo. Kí wọ́n bú yín, ó sàn. Ojú tí èmi gbójú lé, àìsàn ti ń pa á báyìí, mi ò lè ti òwú bọ abẹ́rẹ́ mọ́.

Ìyá ọmọ, ẹ dárí jì mí. Bí ẹ ò bá lè ṣe é, mi ò ní bá yín jà. Kíléyìí, ọmọ mi, o ò fọwọ́ kan abẹ́rẹ́ kankan lọ́jọ́ náà. Ohun tó yẹ kéèyàn béèrè lo béèrè, èmi ni mo pa ọ́ lẹ́nu mọ́. Ẹ bá mi gbé àga yẹn padà wá, ẹ gbé e kọjú sí ọmọ náà. Ó dáa. Béèrè, ọmọ mi. Iye tó bá wù ọ́. Mo ti jókòó.