Àlá Tí N Kò Lá

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi kí ẹ tó dá mi lẹ́jọ́. Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nínú mi, n kò sì lè sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Obìnrin tí mo ṣẹ̀ bi mí ní ìbéèrè kan ní Sọ́ńdè tó kọjá. Láti ìgbà náà ni ara mi kò ti balẹ̀.

Àǹtí Mọrẹ́nikẹ́ ni kí a máa pè é. Ẹgbẹ́ oníjó kan náà la jọ wà ní Bronx, nílùú òyìnbó níbí, òun sì ni àgbà. Ẹ má bínú pé n kò pè é ní "wọ́n" níbí. Tí mo bá dé iwájú rẹ̀ nìkan ni mo ń ṣe ìyẹn.

Nígbà tí ìyá mi kú ní Abẹ́òkúta, n kò ní ìwé tí mo lè fi lọ sílé kí n sì tún padà wọ ìlú òyìnbó. Wọ́n sin ín láìsí mi. Mo wá ń jó nínú yàrá mi ní Highbridge. Mo ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo ń fọwọ́ gbálẹ̀ bí ìyá mi ṣe máa ń gbá àgbàlá láàárọ̀, mo ń nàró, mo ń fọwọ́ mú ìbàdí. Àǹtí nìkan ni mo fi hàn. Ó sunkún. Ó ní kí n tún un jó.

Kò pẹ́ tó fi ẹgbẹ́ sílẹ̀. Ó ti wọ inú Tiọ́sọ́fì, ẹ̀kọ́ àwọn tó gbà pé òtítọ́ kan náà ló wà nínú gbogbo ẹ̀sìn, pé ọkàn ènìyàn sì máa ń padà wá sáyé. Ó di olùkọ́, ó ń fi ijó kọ́ àwọn obìnrin ní àdúrà. Mo lọ wò ó ní gbọ̀ngán kan ní Manhattan. Ijó ìyá mi ló jó. Ó ní láti ayé òun àtijọ́ ni, pé àwọn Ọ̀gá tí a kì í fojú rí ló rán òun létí. Àwọn èèyàn ń pàtẹ́wọ́ fún un. Ó rí mi, ó rẹ́rìn-ín sí mi.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ara yín sí ipò mi. Mi ò bá a jà. Mo di ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀. Mo ń tẹ́ ẹní, mo ń po tíì, títí ó fi fọkàn tán mi. Ìgbà náà ni mo kúnlẹ̀, mo ní mo lá àlá, pé àwọn Ọ̀gá ní kó má jó mọ́ títí wọn yóò fi ránṣẹ́. N kò lá àlá kankan. Bó ṣe fi orúkọ ẹ̀mí gba ijó lọ́wọ́ mi ni mo ṣe fi gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó gbà mí gbọ́. Ó jókòó. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ retí títí, wọ́n tú ká. Ara tí kò jó mọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í le. Tí mo bá rí i tó ń di ara ògiri mú gun àtẹ̀gùn, inú mi máa ń dùn. Mi ò ní purọ́ fún yín.

Ní Sọ́ńdè yẹn, mo gbé oúnjẹ lọ fún un ní Queens Village. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Ṣé wọn ò tíì ránṣẹ́ ni? Mo mọ ohun tí mo ṣe. Ijó ìyá rẹ ni. Tí wọ́n bá gbà fún mi, màá jó o lẹ́ẹ̀kan sí i, màá sì dárúkọ ìyá rẹ lójú gbogbo èèyàn."

Mo ní, "Rárá, Àǹtí. Wọn ò tíì sọ nǹkan kan."

Ìbínú mi ò tíì tán, ṣùgbọ́n adùn rẹ̀ ti lọ. Bí mo bá jẹ́wọ́, ó máa mọ̀ pé èmi ni mo so òun mọ́lẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá. Bí mo bá tún pa irọ́ àlá mìíràn, á dìde, á jó, orúkọ ìyá mi á jáde, ṣùgbọ́n irọ́ ni yóò gbé e jáde. Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ìyá, ẹ jọ̀ọ́, èwo ni kí n ṣe? Ó ṣì ń retí èsì lẹ́nu mi.