Irọ́ Tí Mo Pa Mọ́ Bàbá Akíntólú

Wọn yóò so mí kọ́. Wọn kò sọ ọjọ́ fún mi, ìyẹn gan-an ló ń pa mí kí wọ́n tó pa mí. Bí bàtà wọ́dà ẹ̀wọ̀n bá ti ró lórí símẹ́ńtì láàárọ̀, màá dìde dúró ti ògiri. Bó bá kọjá yàrá mi, màá jókòó sílẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí, ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí. N kò lè ṣe bí akin níwájú yín.

Ọmọ àgbẹ̀ kòkó ni mí, láti Omifunfun, ní ọ̀nà Òdìgbó. Nígbà tí mo wà nílé ìwé ní Òrè, fadá kan tó jẹ́ ará Ireland ló ń kọ́ wa ní ìtàn. Kò sí ohun tó fẹ́ràn bíi kó máa sọ nípa olóṣèlú kan ní ìlú wọn, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1900. Ọmọ àgbẹ̀ ni òun náà. Ó jà fún àwọn tí wọ́n lé kúrò lórí ilẹ̀ wọn, wọ́n tì í mọ́lé nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀, síbẹ̀ ó dé ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Lọ́ńdọ̀nù. Kò gbé ìbọn. Ó kọ́ àwọn ènìyàn rẹ̀ pé bí ẹnìkan bá gba ilẹ̀ tí wọ́n lé aládùúgbò rẹ̀ kúrò lórí rẹ̀, kí wọ́n má lù ú, kí wọ́n kàn pa á tì: kí wọ́n má kí i, kí wọ́n má tà fún un, kí wọ́n má bá a kórè. Nígbẹ̀yìn, àwọn ọ̀dọ́ tó gbé ìbọn gba ipò mọ́ ọn lọ́wọ́, ó sì kú láìsí ariwo.

Mo bi Fadá pé, “Báwo ló ṣe ń mọ ẹni tó yẹ kí wọ́n pa tì?”

“Ó máa ń kọ́kọ́ wádìí,” ni Fadá wí. “Má gbàgbé ìyẹn.”

Mo gbàgbé. Àtẹ́wọ́ tí wọ́n ń pa fún ọkùnrin náà nìkan ni mo rántí.

Nígbà tí àwọn sójà gbàjọba, wọ́n fòfin de òṣèlú. Ìlú le. À ń tò sí ìlà fún mílíìkì àti ọṣẹ ní Òrè, iṣẹ́ tíṣà tí mo ń ṣe sì bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo padà sóko, ẹgbẹ́ àgbẹ̀ sì fi mí ṣe akọ̀wé nítorí pé mo gbọ́ òyìnbó. Kò pẹ́ tí a gbọ́ pé ìjọba fẹ́ gba oko wa láti fi gbin ọ̀pẹ. Mo dìde nípàdé, mo sọ̀rọ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní Ọnárébù. Ha, orúkọ yẹn dùn! Ibẹ̀ ni ìdánwò ti bá mi.

Ní ìpàdé kan, ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu mi, àwọn ènìyàn ti ń yán. Mo wá rántí pé mo rí Bàbá Akíntólú tó ń jáde láti ọ́fíìsì ilẹ̀ ìjọba ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Ọ̀rẹ́ bàbá mi ni, alàgbà ni nínú ìjọ Aládùúrà wa. N kò béèrè ohun tó lọ ṣe níbẹ̀. Ẹnu mi kàn là, mo ní, “Ọ̀dàlẹ̀ wà láàárín wa! Bàbá Akíntólú ti tẹ̀ka fún ìjọba pé kí wọ́n gba ilẹ̀ wa!”

Ariwo sọ. Wọ́n gbé mi lé èjìká.

Mo ní kí a ṣe bí àwọn ará Ireland. Àáró la fi ń ṣe iṣẹ́ kòkó lọ́dọ̀ wa: lónìí a jọ fọ́ tèmi, lọ́la a jọ fọ́ tìrẹ. A yọ bàbá kúrò nínú àáró. Òun nìkan ló ń jókòó ti òkìtì kòkó rẹ̀, ó ń fọ́ ọ títí ọwọ́ rẹ̀ fi wú, púpọ̀ rà dànù. Ní ṣọ́ọ̀ṣì pàápàá, bó bá gbàdúrà, a kì í ṣe àmín.

Ó wá bá mi nílé.

“Ọma mi, kí ni mo ṣe yín?”

“Ẹ̀yin lẹ mọ ohun tí ẹ lọ ṣe ní ọ́fíìsì, bàbá.”

“Mo lọ bẹ̀ wọ́n ni. Wọ́n sì ti fèsì. Lẹ́tà wọn wà ní abà mi lóko, wọn ò ní fọwọ́ kan Omifunfun. Màá kà á lọ́jọ́ ìdúpẹ́ ìkórè, kí gbogbo ayé gbọ́.”

Ó yẹ kí n dọ̀bálẹ̀ fún un. Ẹ̀rù ẹ̀sín ló gbá mi mú. Kí ni wọn yóò máa pè mí lẹ́yìn ọjọ́ náà?

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, nígbà tí ìsìn ń lọ lọ́wọ́, mo gbé kẹrosíìnì, mo forí lé abà rẹ̀. Lẹ́tà yẹn nìkan ni mo fẹ́ jó, n kò sì mọ ibi tó fi í sí nínú ilé, mo fi Ọlọ́run búra. Bàbá kì í pa ìsìn jẹ, mo gbà pé kò sẹ́nì kankan níbẹ̀. Imọ̀ ọ̀pẹ gbígbẹ ni wọ́n fi bo ilé náà; mo da kẹrosíìnì sí i, mo ṣáná, iná sì gbà á lẹ́ẹ̀kan náà. Ìgbà yẹn ni mo gbọ́ ikọ́ nínú ilé.

Èmi òmùgọ̀! Ta ni yóò máa lọ síbi tí wọn kì í ti í ṣe àmín sí àdúrà rẹ̀? Èmi fúnra mi ni mo lé e kúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ibà ti dá a dúbúlẹ̀ níbẹ̀ láti ọjọ́ méjì sẹ́yìn, kò lè dìde.

Mo kígbe, “Jésù!” Ó mọ ohùn mi.

“Ọma mi, ùwọ ni? Ọlọ́run ló rán ọ. Uná ti mú o, wá ṣílẹ̀kùn fún mi.”

Ọwọ́ mi kan ìlẹ̀kùn. Bí mo bá ṣí i, yóò gbóòórùn kẹrosíìnì lára mi, yóò sì mọ̀. Mo sá.

Obìnrin kan tó ń ti odò bọ̀ rí mi bí mo ti ń sá. Gbogbo irọ́ tí mo pa ní kọ́ọ̀tù, kò sí èyí tó dúró.

Lóṣù tó kọjá, ìyàwó Bàbá Akíntólú, Ìyá Dúpẹ́, wá bá mi níbí. Ó di irin ojú yàrá mi mú.

“Nǹkan kan ṣoṣo ni mo fẹ́ mọ̀. Ṣé ó jí, àbí ojú oorun ló kú sí?”

“Ojú oorun ni, màmá.”

“Ọpẹ́ ni f'Ólúwa,” ó wí, ó sì bú sẹ́kún.

Mo tún purọ́. N kò mọ̀ bóyá àánú ló mú mi pa á, tàbí ìbẹ̀rù tí mo ti ń bẹ̀rù bọ̀ náà ni. Màmá, bí wọ́n bá ka èyí fún yín, ẹ dárí jì mí. Ó jí. Ó rò pé mo wá gba òun là ni.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ wò mí. Bí ẹ bá purọ́ mọ́ ẹnìkan lójú àwùjọ, ẹ padà síwájú àwùjọ náà kí ilẹ̀ ọjọ́ yẹn tó ṣú, ẹ ní, “Irọ́ ni mo pa.” Wọn yóò fi yín ṣẹ̀sín. Wọn yóò yọ ṣùtì sí yín, ọmọdé yóò máa fi yín kọrin. Àwọn àgbà ní ikú yá ju ẹ̀sín. Bàbá Akíntólú ti kú nítorí pé mo gba ọ̀rọ̀ yẹn gbọ́, èmi náà sì ń lọ báyìí. Mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi yín ṣẹ̀sín. Ẹ̀sín yá.