Ẹsẹ̀ Òsì Tí N Kò Wọ̀n

Mo ti pa ọ̀rọ̀ yìí mọ́ra fún ọdún mẹ́ta, ṣùgbọ́n dókítà ti sọ fún mi pé ẹ̀dọ̀ mi kò ní gbé mi dé Kérésì, n kò sì fẹ́ gbé e wọ inú ilẹ̀ lọ. Èmi Akínsànyà ni mo jẹ́ kí wọ́n gé ẹsẹ̀ Tíṣà Oríọlá. Kì í ṣe àìsàn nìkan. Èmi ni.

Yàrá ìwádìí kan ní Àkúrẹ́ ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ wa ni láti fi kọ̀ǹpútà ṣe àwòrán bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ṣàn nínú iṣan ẹsẹ̀ ènìyàn. Èmi ni mo ń gbé ẹ̀rọ síkáànì kékeré lọ bá àwọn tó ní ìtọ̀ ṣúgà. Màá wọn bí iṣan ṣe fẹ̀ tó láti òkè itan títí dé ọrùn ẹsẹ̀, àti bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń yára tó nínú rẹ̀. Ẹsẹ̀ ọ̀tún lọ́tọ̀, ẹsẹ̀ òsì lọ́tọ̀. Kọ̀ǹpútà á wá fi nọ́ńbà wọ̀nyẹn ya ẹsẹ̀ náà: ibi tí ẹ̀jẹ̀ bá ti ń lọ dáadáa á ní àwọ̀ búlúù, ibi tó bá ti dí á pọ́n. Kọ̀ǹpútà kì í rí ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni. Ohun tí mo bá sọ fún un ló mọ̀.

Ní oṣù kẹta ọdún 2022, wọ́n rán mi lọ sí Oǹdó. Orúkọ kẹrin lórí ìwé tó wà lọ́wọ́ mi ni Tíṣà Oríọlá. Ìyá yìí ló kọ́ mi ní ìṣirò ní ilé-ìwé alẹ́, nígbà tí mo ń ru búlọ́ọ̀kù lọ́sàn-án, ọgọ́fà lójúmọ́. Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kejì ọdún 2003, òòyì ebi gbé mi ṣubú níwájú pátákó. Gaàrí tó fẹ́ fi panu fúnra rẹ̀ ló fún mi, ó ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí mo tú ẹ̀rọ sílẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. "Akínsànyà, ìwọ tí máàpù Nàìjíríà tí o yà dà bí iṣu tí ewúrẹ́ jẹ kù, ìwọ lo fẹ́ ya ẹsẹ̀ mi?" Moríyọ̀, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ló bá mi ká ìró Tíṣà sókè lápá ọ̀tún, tó fi aṣọ bo ibi tó yẹ kó bò. Mo wọn ọ̀tún tán. Ẹnìkan kan ilẹ̀kùn, Moríyọ̀ jáde, kò sì tètè wọlé. Ó ku èmi àti Tíṣà. Mo ní láti sọ pé kí ó ká ìró dé òkè itan òsì. Ẹnu mi kò gbà á. Ṣé èmi tí mo ń dọ̀bálẹ̀ kí i ni n óò ní kí ó ṣí itan fún mi? Mo lè dúró de Moríyọ̀. Mo lè ní kí wọ́n pe obìnrin kan láàárín àdúgbò. Òmùgọ̀ ni mí. Mo ní, "A ti parí, mà."

"Òsì ńkọ́? Òun gan-an ló ń tutù, tó ń dá mi dúró lójú ọ̀nà."

Mo ní, "Ẹ̀rọ yìí, mà, tó bá ti rí ọ̀kan, ó ti mọ ìkejì."

"Ayé ti lajú o," ló wí.

Nígbà tí mo padà dé Àkúrẹ́, mo kọ nọ́ńbà ọ̀tún sí ààyè òsì, mo yí wọn díẹ̀ kí wọ́n má baà jọra jù. Búlúù ni ẹsẹ̀ méjèèjì. Dókítà Bọ́láwálé tó ń tọ́jú rẹ̀ wo àwòrán náà, ó ní làkúrègbé ni, ó fún un ní oògùn ìpara.

Ìyẹn kò tíì burú tó. Ní oṣù karùn-ún, ọmọ-ìka ẹsẹ̀ òsì náà dúdú. Alágbàká ní Àkúrẹ́ ni mo wà, mo ń dúró de takisí, nígbà tí Dókítà Bọ́láwálé pè mí. "Ọ̀gbẹ́ni Akínsànyà, ẹsẹ̀ yìí kò jọ èyí tó wà nínú àwòrán yín. Ṣé ẹ̀yin fúnra yín lẹ wọn òsì? Tó bá jẹ́ pé iṣan òkè ló dí, mo ṣì lè fi màmá ránṣẹ́ sí àwọn tí yóò là á lónìí." Ọ̀rọ̀ kan péré ni mo ní láti sọ. Iṣẹ́ tí mo fi ọdún mọ́kàndínlógún wá ni mo rò. Mo ní, "Èmi fúnra mi ni, sà." Ó ní, "Á jẹ́ pé ìtọ̀ ṣúgà wọn ló fà á." Egbò ìka náà nìkan ló ń tọ́jú, kò fi wọ́n ránṣẹ́ mọ́. Lọ́jọ́ kọkànlá, wọ́n gé ẹsẹ̀ náà lókè orúnkún.

Mo lọ kí i. Òun ló ń rẹ̀ mí lẹ́kún. "Má sunkún mọ́. Kọ̀ǹpútà rẹ gbìyànjú." Ó ní kí wọ́n bu oúnjẹ fún mi. Mo jẹ ẹ́. Ó kú ní oṣù kọkànlá ọdún náà.

Mo kọ̀wé sí ọ̀gá mi pé kí wọ́n yọ nọ́ńbà irọ́ náà kúrò nínú iṣẹ́ wa. Ó ní, "Nínú ẹsẹ̀ tó lé ní ọgọ́rùn-ún, kí ni ọ̀kan lè bà jẹ́?" Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo pe Moríyọ̀, mo jẹ́wọ́.

Ó ní, "Bọ̀dá, ṣebí ẹ sọ fún dókítà pé ẹ wọ̀n ọ́n."

"N kò wọ̀n ọ́n."

Ó ní, "Ìṣẹ́jú mélòó ni mo lò níta lọ́jọ́ yẹn?"

"Kò ju mẹ́wàá lọ."

"Ìṣẹ́jú mẹ́wàá," ló wí, ó sì pa fóònù.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń bọ̀ wá ṣe iṣẹ́ yìí, bí ojú àgbà bá tì yín, ẹ sọ pé ẹ kò wọ̀n ọ́n. Moríyọ̀, mo bẹ̀ ọ́. N kò mọ ohun mìíràn tí mo tún lè ṣe.