Wáyà Inú Ìkòkò Òdòdó

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kí ọkàn mi tó yí padà. Èmi Yaw Ampaabeng, tí wọ́n ń pè ní Baba Wáyà láti Ejisu títí dé Konongo, èmi tí mo ti fa íńtánẹ́ẹ̀tì wọ ilé iṣẹ́ tó pọ̀ ju ewé kòkó lọ, èmi ni mo fa iná tó jó ẹ̀rọ ilé aṣọ Nana Afrakomaa ní Bonwire. Kì í ṣe kẹ́túlù Birago. Gbogbo ìlú gbà pé kẹ́túlù ni, nítorí pé èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀, bí mo bá sì ti sọ̀rọ̀ nípa iná àti wáyà lágbègbè wa, kò sẹ́ni tó ń bi mí lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní òtítọ́ máa ń lé irọ́ bá lójú ọ̀nà. Tèmi ò bá mi lójú ọ̀nà. Inú ìkòkò òdòdó ló ti bá mi.

Kí n tó jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ iṣẹ́ ọwọ́ mi, kí ẹ má baà rò pé ọ̀dẹ̀ ló ń bá yín sọ̀rọ̀. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, ìkeje ló lé mi jáde. Ṣùgbọ́n ẹ gbé ráútà lé mi lọ́wọ́, ìyẹn àpótí pẹlẹbẹ tó ń pín íńtánẹ́ẹ̀tì fún gbogbo kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́, kí ẹ wá wo bí ọ̀gá ṣe ń ṣe nǹkan. Mi ò jẹ́ gbé e sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbi tí omi ti lè bá a, mi ò jẹ́ há a mọ́ inú àpótí níbi tí ooru ti máa pa á. Ara ògiri ni mo ń kàn án mọ́, ní ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn ló kan wáyà ilẹ̀, wáyà aláwọ̀ ewé àti ìyeyè tó so ẹ̀rọ mọ́ irin gígùn tí a gbá wọnú ilẹ̀, kí àrá tó bá wọlé lè rí ọ̀nà bá lọ sísàlẹ̀ láìba nǹkan jẹ́. Ilẹ̀ ṣáájú, iná tẹ̀lé e: òfin wa nìyẹn. Bí mo bá sì tan án tán, páásìwọ́ọ̀dù tó bá a wá láti ilé iṣẹ́ tó ṣe é ni mo máa ń kọ́kọ́ pa rẹ́, nítorí olè tó jókòó sí òkè òkun náà mọ̀ ọ́n. Màá ya ọ̀nà àlejò sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀nà ilé iṣẹ́, kí ẹni tó wá ra aṣọ má baà tú inú àpò onílé wò. Wáyà tí mo bá tò, eṣinṣin ò lè bà lé e kó má yọ̀ ṣubú. Oyún wà nínú ìyàwó ọkùnrin kan ní Juaben nígbà tí ọkọ bẹ̀rẹ̀ sí í wo iṣẹ́ mi lára ògiri. Ọmọ náà ti ń sáré kiri kó tó gbójú kúrò.

Irú èmi yìí ni Nana Afrakomaa ránṣẹ́ pè. Aṣọ kente ló ń tà, àwọn ahunṣọ tó wà lábẹ́ rẹ̀ kún àgbàlá bí èèrà, ohùn rẹ̀ sì lè mú kí ewúrẹ́ tọrọ àforíjì. Birago, ọmọbìnrin tí àbúrò rẹ̀ obìnrin bí, ló ń bá àwọn oníbàárà òkè òkun sọ̀rọ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Níbi tiwa, ọ̀dọ̀ ìyá ni ogún ń bá lọ, Nana sì ti sọ ọ́ létí gbogbo ìlú pé ọjọ́ tí òun bá gbé ẹsẹ̀ kúrò, Birago ni yóò jókòó sórí àga òun. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Ọjọ́rú ni wọ́n ń retí mi. Ní Ọjọ́rú náà, èmi àti Attakora, ọ̀rẹ́ mi tó ń bá mi gbé àkàbà, jókòó ti eré dáàmù lábẹ́ igi, mo sì ń jẹ ọmọ rẹ̀ bí ẹni ń jẹ ẹ̀pà. Bó ṣe di Ọjọ́bọ̀ kí a tó débẹ̀ nìyẹn. Nana wo irin àti òòlù tó wà léjìká Attakora. Ó ní, "Kí lẹ fẹ́ fi ìyẹn ṣe?" Mo ní, "Nana, irin ilẹ̀ ni. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé la fẹ́ gbá a mọ́." Ó ní, "Lónìí Ọjọ́bọ̀? Ìwọ Yaw, tí wọ́n torí Ọjọ́bọ̀ sọ lórúkọ? Ìyá Ilẹ̀ ń sinmi lónìí. Àgbẹ̀ ò roko, a ò gbẹ́lẹ̀ fún òkú pàápàá, ìwọ lo wá fẹ́ fi irin gún un láyà. Ẹ padà wá gún un lọ́la." Attakora fẹnu sí mi létí, ó ní, "Ọ̀la kẹ̀? Ọ̀la la fẹ́ lọ gbé òkú ìyá Boatin aládùúgbò wa jáde. Aṣọ dúdú mi ti wà lórí okùn."

Ohun tó yẹ kí n ṣe ò le. Kí n kan ẹ̀rọ mọ́ ògiri, kí n má tan án, kí n sọ pé, "Nana, ó di ìgbà tí irin bá wọlẹ̀." Ọmọ iṣẹ́ tó dé lánàá mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n Nana ní, "Àwọn ará òkè òkun ti ń kanra. Ṣé ó máa ṣiṣẹ́ lónìí?" Gbogbo ahunṣọ dáwọ́ dúró, wọ́n ń wò mí. Ẹnu mi yìí, ẹnu tí wọn ò kọ́ ní "rárá" láti kékeré, ló dáhùn pé, "Nana, kí ẹ tó gbé òkèlè fufu yín mì, ẹ ti ń bá Amẹ́ríkà sọ̀rọ̀."

Mo ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà bí ẹni tí ọba ń wò. Nígbà tó ku wáyà ilẹ̀ nìkan, mo fà á gba ojú fèrèsé jáde. Ìkòkò òdòdó pupa kan wà níbẹ̀, lórí sìmẹ́ńtì. Mo ti orí wáyà bọ inú iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀, mo fi ewé bò ó. Attakora fẹ́ẹ̀ já bọ́ lórí àkàbà níbi tó ti ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ọ̀gá, o ti sin wáyà láàyè." Àfi bí Birago ṣe yọ orí lójú fèrèsé. Ó ní, "Bùrọ̀dá Yaw, ibo ni wáyà yẹn ń lọ?"

"Inú ilẹ̀."

"Inú ìkòkò ni mo rí tó wọ̀."

"Kí ló wà nínú ìkòkò ọ̀hún, ṣé ẹ̀kọ kenkey ni?"

"Ilẹ̀ ni. Àmọ́ ilẹ̀ tó jókòó lórí sìmẹ́ńtì, ṣé òun náà mọ ọ̀nà ilé ìyá rẹ̀?"

Mo ní, "Birago, aṣọ ni tìrẹ, wáyà ni tèmi. Ṣé o ti rí mi nídìí òfì rẹ rí?" Àwọn ahunṣọ rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó wọlé. Ẹ wo ayé mi. Ìbéèrè tó dára jù lọ tí wọ́n bi mí láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́, ẹ̀rín ni mo fi pa á.

Mo ní màá padà lọ́jọ́ Ẹtì. Òkú ìyá Boatin gba ọjọ́ Ẹtì, ó gba Àbámẹ́ta, ìdúpẹ́ rẹ̀ gba ọjọ́ Àìkú. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ má jẹ́ kí n parọ́ fún yín pé mo gbàgbé. Mi ò gbàgbé. Bí mo bá padà gbé irin dé, Nana á béèrè ohun tí wáyà ti ń ṣe láti ọjọ́ yìí wá, èmi Baba Wáyà á sì máa ká ọwọ́ bí ọmọ tó jí ẹran. Mo ń gba ẹ̀yìn ìlú kọjá. Bí òjò bá ṣú sápá Bonwire, màá gbójú sápá ibòmíràn.

Òjò náà dé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, òjò tí mo gbà pé àwọn ẹja odò Bosomtwe pàápàá sá wọ abẹ́ òrùlé. Àrá sán, ó wọ ilé aṣọ Nana. Ráútà yọ́ lára ògiri bí ọ̀rá, àwọn kọ̀ǹpútà kú, gbogbo àwòrán aṣọ tí wọ́n ti yà fún oníbàárà bá a lọ. Ọlọ́run ló yọ wọ́n tí kò sẹ́nì kankan nínú yàrá. Èmi ni Nana kọ́kọ́ pè, èmi náà ni mo kọ́kọ́ débẹ̀. Àrá ti la ìkòkò òdòdó sí méjì, òdòdó náà ti dúdú bí aṣọ ọ̀fọ̀. Mo fa wáyà mi yọ, mo ká a sínú àpò, Attakora ju àpáàdì ìkòkò sẹ́yìn ọgbà. Ó ní, "Ọ̀gá, sọ pé àrá ni. Ta ló fẹ́ pe àrá lẹ́jọ́?" Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé bí mo bá pe àrá, wọ́n á béèrè ibi tí wáyà ilẹ̀ wà. Ojú mi wá bọ́ sórí tábìlì Birago. Kẹ́túlù tíì rẹ̀ wà níbẹ̀, wáyà rẹ̀ sì wà nínú ihò iná kan náà tí mo ti fa iná ráútà.

Ibí ni ẹ̀ṣẹ̀ náà ti dàgbà. Gbogbo èyí tí mo ti sọ bọ̀, ọmọdé rẹ̀ nìyẹn. Mo gbé kẹ́túlù náà sókè lójú gbogbo wọn. Mo ní, "Nana, ẹ wo ohun tó jẹ ilé yín. Kẹ́túlù ló fa iná ju agbára lọ." Birago ní, "Nana, mi ò tan án. Mi ò tilẹ̀ sí nínú yàrá. Bùrọ̀dá Yaw, wáyà inú ìkòkò yẹn ń kọ́?" Mo wo fèrèsé, mo wo Nana, mo ní, "Ìkòkò wo?" Lóòótọ́, kò sí ìkòkò níbẹ̀ mọ́. Nana ò pariwo. Ó kàn ní, "Birago, ta ni oníṣẹ́ wáyà láàárín ẹ̀yin méjèèjì?" Birago nawọ́ sí mi. Nana ní, "Gbé kẹ́túlù rẹ, kí o máa lọ." Ó lọ. Àga tí wọ́n fẹ́ kó jókòó lé bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn ọmọdé Bonwire sọ ọ́ ní Ìyá Kẹ́túlù, ó sì kó lọ sí Kumasi kó má baà gbọ́ orúkọ náà mọ́. Èmi padà wá lọ́jọ́ Ẹtì, mo gbá irin wọlẹ̀ bó ṣe yẹ, mo kan ráútà tuntun, Nana fi àkùkọ kan ṣe mí lálejò. Mo jẹ ẹ́ tán. Mo tilẹ̀ lá ọbẹ̀.

Òkìkí mi ń pọ̀ sí i. Ẹgbẹ́ àwa oníṣẹ́ nẹ́tíwọ̀kì ní Kumasi ní kí n wá máa kọ́ àwọn tó ń kọ́ṣẹ́. Mo wọ bàtà tó ń dán tó bẹ́ẹ̀ tí oòrùn ń béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo kọ òfin wa sára ògiri fún wọn: ilẹ̀ ṣáájú, iná tẹ̀lé e. Kí wọ́n lè rẹ́rìn-ín, mo sọ ìtàn ọmọbìnrin Bonwire kan tó fi kẹ́túlù sun ilé iṣẹ́. Mo ṣe bó ṣe ń mu tíì, mo ṣe bó ṣe ń sunkún. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Ohùn kan wá láti ẹ̀yìn, jẹ́jẹ́, ó ní, "Olùkọ́, ẹ jọ̀ọ́. Kẹ́túlù tó wà lórí tábìlì nínú ilé, báwo ló ṣe la ìkòkò òdòdó tó wà níta fèrèsé?"

Birago ni. Ó ti rí àpáàdì yẹn lẹ́yìn ọgbà lọ́jọ́ tó ń kó lọ, ó sì wá kọ́ iṣẹ́ náà kó lè mọ ohun tó jó o. Igba irọ́ ló sáré wá sẹ́nu mi, ọ̀kọ̀ọ̀kan dára ju èkejì lọ. Mo sì fẹ́ mú ọ̀kan. Ojú mi ló bọ́ sára pátákó tó ń fi kọ́ṣẹ́ níwájú rẹ̀. Ó ti de wáyà ilẹ̀ rẹ̀ kó tó kan iná rárá. Gbogbo wáyà yòókù dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bí òwú kente, kò sí eṣinṣin tó lè bà lé e. Iṣẹ́ mi ni mo rí lọ́wọ́ rẹ̀, iṣẹ́ tí mo fi ń yangàn, ó sì ti mọ́ ju tèmi lọ. Mo lè parọ́ fún Nana. Mo ti parọ́ fún odindi ìlú. Mi ò lè parọ́ fún iṣẹ́ yẹn. Mo ní, "Kì í ṣe kẹ́túlù. Èmi ni." Ẹ̀rín tán nínú yàrá bí ìgbà tí iná bá lọ.

Níbi tiwa, a kì í dá bẹ̀bẹ̀. Mo wá àgbà tó máa sọ̀rọ̀ fún mi, mo fa àgùntàn, mo gbé ọtí, Birago ń bọ̀ lẹ́yìn wa. Nana gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán. Ó ní, "Yaw, Ọjọ́bọ̀ ni mo ní kí o má gún ilẹ̀. Ṣé mo ní kí o má gún un lọ́jọ́ Ẹtì?" Ó ní kí n ru àpáàdì ìkòkò yẹn yí ìlú ká lọ́jọ́ ọjà, kí n máa kéde ohun tí mo ṣe níwájú ilé kọ̀ọ̀kan. Mo rù ú. Bí ẹ bá bi wọ́n ní Bonwire, wọ́n á sọ fún yín pé kò tíì sẹ́ni tó jẹ́wọ́ kíkankíkan báyìí rí. Ohùn mi dé Mampong. Àwọn ọmọdé tó ń pè é ní Ìyá Kẹ́túlù tẹ̀ lé mi, wọ́n ń pè mí ní Baba Ìkòkò. Mo dáhùn.

Nana ní, "Ọmọ mi, mo ṣẹ̀ ọ́. Wá jókòó sórí àga rẹ." Birago kúnlẹ̀ fún un tìrẹ̀lẹ̀tìrẹ̀lẹ̀, ó ní, "Nana, àga náà á dúró dè mí. Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí n máa yẹ iṣẹ́ Bùrọ̀dá Yaw wò." Òun náà ló ń yẹ̀ ẹ́ wò títí di òní. Ibikíbi tí mo bá ti fa nẹ́tíwọ̀kì, kò sí iná tó ń wọ ẹ̀rọ mi àfi tí Birago bá débẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń kọ́ṣẹ́, ọwọ́ mi ṣì ni ọwọ́ tó mọ iṣẹ́ yìí jù lọ láti ibí dé etí òkun, mi ò ní torí pé mo jẹ́wọ́ kí n wá di ẹni kékeré. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá bi yín pé ṣé ó máa ṣiṣẹ́ lónìí, tí irin ò sì tíì wọlẹ̀, ẹ sọ pé rárá. Ó kéré lẹ́nu, ó fúyẹ́ ju àpáàdì ìkòkò lọ lórí. Ní ti Birago, mo ti bẹ̀ ẹ́ níwájú àgbà, mo tún ń fi èyí bẹ̀ ẹ́. Kò tíì sọ pé òun ti dárí jì mí. Ìbéèrè kan ló máa ń bi mí ní gbogbo ilé iṣẹ́, lójú oníbàárà, kó tó jẹ́ kí n tan iná: "Bùrọ̀dá Yaw, ibo ni wáyà yẹn ń lọ?" Màá jáde síta, màá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nínú aṣọ iṣẹ́ mi, màá gbé ọwọ́ lé orí irin náà níbi tó ti wọlẹ̀, màá sì dá a lóhùn.