Ilé Ìwé Kì í Ṣe Iṣẹ́ Ọ̀nà

Ẹ má wulẹ̀ bẹ̀ mí, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n ọkọ mi. Mo ti kúnlẹ̀, mo ti kí yín, ẹ jẹ́ n wí tẹnu mi. Àbúrò yín ní kí Sùrájù ọmọ mi fi ilé ìwé sílẹ̀, kó gba oko lọ, kí Jàlálù ọmọ ìyàwó kékeré wá jókòó sáyè rẹ̀, kó sì máa jẹ́ Sùrájù níbẹ̀! Ó ní ṣebí òun lòun bí àwọn méjèèjì. Wáláì, ojú ò ti àgbàlagbà.

Nígbà tí wọ́n kéde ìwé ọ̀fẹ́ lọ́jọ́sí, ta ni wọ́n mú lọ? Ilé ìwé tí àwọn ọmọ ibẹ̀ ò kún bẹ́ǹṣì mẹ́ta! Ọmọ Àbẹ̀ẹ́kẹ́ tó ń tiro, tí kò lè rìn dóko. Ọmọ òrukàn ilé Fátóyè. Màríámọ̀ tí ikọ́ ò jẹ́ kó gbádùn. Gbogbo ọmọ tí bàbá wọn ò rí lò, ibẹ̀ ni wọ́n kó wọn dà sí bí ẹni da pàǹtí sáàtàn. Tèmi ò tiro, kò wúkọ́, ẹ̀ṣẹ̀ tirẹ̀ ni pé èmi ìyáálé tí wọn ò fẹ́ ni mo bí i. Ojú mi ni àbúrò yín ṣe wí i pé Jàlálù ni yóò bá òun ṣoko kòkó, kí tìyáálé lọ máa ké á-bí-dí. Mo sunkún títí. Ẹ̀yin náà lẹ ní kí n gba kámú, mo sì gbà á.

Àwọn alábẹ̀wò wá dé láti Òṣogbo níjẹta, wọ́n dán gbogbo ilé ìwé agbègbè yìí wò, ńlá àti kékeré, wọ́n ní àwọn ọmọ ààtàn yìí ló mọ ìṣirò jù, Sùrájù ló sì ṣíwájú wọn. Àbúrò yín bẹ̀rẹ̀ sí í jó lójúde. Ó ní ìjókòó yẹn ló ní oríire, ẹni tó bá jókòó síbẹ̀, orí rẹ̀ á pé. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí òun fúnra rẹ̀ ò lọ jókòó síbẹ̀?

Ló bá wọ kákí Sùrájù fún Jàlálù láàárọ̀ yìí, ó ní ṣebí bẹ́ẹ̀ là ń ṣe níbi iṣẹ́ ọ̀nà tí gbogbo ìlú ń ṣe, bí ẹnì kan ò bá lè wá, ará ilé rẹ̀ a gbé ọkọ́ dúró fún un. Nínú ọmọ tí kò kún bẹ́ǹṣì mẹ́ta, ó rò pé tíṣà ò ní dá tirẹ̀ mọ̀! Tíṣà lé e padà wálé. Mo ní ojú á tì í. Rárá o. Ó ní bí Jàlálù ò bá ti lè lọ, Sùrájù náà ò gbọdọ̀ lọ mọ́.

Ẹ ń mirí. Ẹ̀yin ni àgbà ilé yìí, ẹ pè é kẹ́ ẹ bá a wí. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọ̀la lèmi àti ọmọ mi ń lọ sílé bàbá mi ní Ìfọ́n, ilé ìwé ń bẹ níbẹ̀. Bí wọ́n bá bi mí pé ta ni bàbá ọmọ, Ọládèjì ẹ̀gbọ́n mi ni n ó dárúkọ. Orúkọ yẹn ni Sùrájù yóò máa jẹ́ títí ayé, tó bá di ọ̀gá lọ́ọ́fíìsì, orúkọ yẹn ni wọn yóò máa fi pè é.

Ẹ bá mi kí Bàbá Jàlálù.