Lẹ́tà Tí Mo Kọ Nítorí Ògiri Múfú

"Múfú, ògiri rẹ ti dé ojú fèrèsé wa."

"Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀. Láìpẹ́ á kọjá fèrèsé."

"Ṣé ohun tí mò ń sọ nìyẹn?"

"Tí mo bá parí ẹ̀, ẹ ó máa rí ibòòji jókòó sí. Ọ̀fẹ́ ni."

"Ìpìlẹ̀ ilé ilẹ̀ lo fẹ́ gbé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lé."

"Ẹ̀yin náà ti di bíríkìlà, Màmá?"

Àwọn tó ń po simẹ́ńtì bú sẹ́rìn-ín. Ọkọ mi náà rẹ́rìn-ín. Ògiri yẹn ló pa á. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ mi, ẹ má wá omijé lójú mi, kò sí níbẹ̀. Mò ń jí, mò ń gbálẹ̀, mò ń bu oúnjẹ sí abọ́ méjì, mo sì ń da ọ̀kan padà sínú ìkòkò. Ọ̀sán ọjọ́ òjò kan ni, ọkọ mi ń gbé garawa sábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ ní ẹ̀yìnkùlé, ni ògiri òkè bá wó lé e lórí. Láti ọjọ́ náà ni àwọn ọmọ mi ti ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá wá kí wa pé ìjọba ló pa bàbá àwọn, pé màmá àwọn kọ lẹ́tà, kò sì sẹ́ni tó wá wo ilé náà. Mo máa ń tẹ orí ba ni. Irọ́ ni. Wọ́n wá.

Ìgbà tí wọ́n ti bọ́dà pa ni. Ẹni tó bá gbé Ayétòrò nígbà náà á mọ̀. Múfú aládùúgbò wa ń fi ọ̀kadà kó ìrẹsì gba ọ̀nà oko wọlé, kò sì sílé kan ládùúgbò wa tí kò jẹ nínú rẹ̀. Àpò méjì wà lábẹ́ ibùsùn tèmi náà, mò ń fi kọ́ńgò wọ̀n ọ́n tà. Nítorí kọ́sítọ́ọ̀mù, àdúgbò ní òfin kan: àjèjì tó bá béèrè ohunkóhun, a ò mọ̀. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ̀rọ̀ sọ mọ̀ ọ́n wí. Èmi tí mò ń pàtẹ ní ẹnu ọ̀nà àdúgbò, níbi tí ilé Múfú kò ti hàn, ni mo sì máa ń kọ́kọ́ dáhùn.

Múfú kò gba ìwé àṣẹ ilé kíkọ́, kò fi ẹsẹ̀ bàtà kan sílẹ̀ láàárín wa. Mo bẹ̀ ẹ́, mo rán lèmọ́mù sí i, pàbó ni. Ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ òkè ni mo kọ lẹ́tà sí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń yẹ ilé kíkọ́ wò, àwọn tó ń fi ọ̀dà pupa sàmì sára ògiri. Orúkọ àdúgbò nìkan ni mo kọ. N kò kọ tèmi, n kò kọ ti Múfú. Ṣebí a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́?

Ó pẹ́ díẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ọkọ̀ Hílúùsì kan dúró níwájú àtẹ mi. Ọkùnrin méjì bọ́ sílẹ̀, ọ̀kan mú fáìlì dání. Kọ́sítọ́ọ̀mù ni mo pè wọ́n. Àpò méjì yẹn ni mo rò.

"Ẹ káàsán, Màmá. Ilé kan tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ là ń wá."

"Kò sẹ́ni tó ń kọ́lé níbí."

"Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni."

"Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kẹ̀? Bóyá Ìmàṣàyí lẹ ń lọ."

Àwọn aládùúgbò ti pé lé wa lórí, gbogbo wọn ń mi orí. Múfú fúnra rẹ̀ wà níbẹ̀.

"Màmá wa kì í purọ́ o," ló wí.

Ọkùnrin tó mú fáìlì dání wá ṣí i. Mo rí ìwé tí ọwọ́ mi kọ.

Mo mọ̀ wọ́n nígbà náà. Kọ́sítọ́ọ̀mù kọ́. Ṣé n kò lè ní, "Ẹ dákun, èmi ni"? Ṣùgbọ́n gbogbo àdúgbò ń wò mí, Múfú sì ń rọra wí létí mi pé, "Ẹ ṣeun, ìyá." Mò ń tún ìrẹsì orí kọ́ńgò tẹ́, bẹ́ẹ̀ ó ti tẹ́ tẹ́lẹ̀.

Ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé kí n sọ fún àwọn ọmọ mi, àbí kí n máa tẹ orí ba lọ? Ẹ̀yin tí ẹ ṣì ní ẹnu, ẹ má jẹ́ kí ojú aládùúgbò pa á mọ́ yín lẹ́nu. Àwọn ọkùnrin náà kò bá mi jà. Wọ́n wọ ọkọ̀ wọn. Ẹni tó mú fáìlì yọ orí lójú fèrèsé bí ọkọ̀ ṣe ń yí padà.

"Màmá, tí ẹ bá rí ẹni tó kọ lẹ́tà yìí, ẹ bá wa sọ fún un pé a wá o."