Páìpù Tó Kúnlẹ̀ ní Odode

Alága wa, Bàbá Ọlọ́runṣọlá, tí wọ́n wọ súẹ́tà wá síbi tí gbogbo èèyàn ti ń làágùn, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Bàbá Augustine, àbúrò alága, ẹ kú ìjókòó. Ẹ̀yin àgbà Odode, ẹ̀yin ará Aládé, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wọkọ̀ láti Ofosu wá, ẹ kú ìrìn. Fádà àti Fíkà tí wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà lónìí, Ọlọ́run ló ń ṣe é. Ọ̀gá mi, Ẹ̀ńjíníà Fọláyan, àti ẹ̀yin tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì Àkúrẹ́, mo júbà.

Ẹ̀yin èèyàn mi, èmi Hannah Olúbáyọ̀, tí wọ́n ń pè ní Ìyá Páìpù, mo wá sọ fún yín pé iṣẹ́ ti tó, mo fẹ̀yìn tì lónìí.

Iṣẹ́ wo gan-an ni Ìyá Páìpù ń ṣe? Àwọn ará ilé mi rò pé ilẹ̀ ni mo ń gbẹ́. Rárá o, ìdí kọ̀ǹpútà ni mo ti hu ewú. Inú sọ́fítíwíà la ti ń ya ilé kí bíríkìlà tó fọwọ́ kan búlọ́ọ̀kù, èmi ni mo sì ń ya páìpù omi tútù sí i. Ẹ̀rọ ńlá kan lẹ́yìn ilé á mú omi tutù, omi náà á gba páìpù wọ yàrá, á kó ooru ibẹ̀, á sì padà sọ́dọ̀ ẹ̀rọ láti tún tutù. Kí n tó fa páìpù kan ṣoṣo, mo ní láti sọ fún sọ́fítíwíà pé omi àlọ nìyí, omi àbọ̀ nìyí, kí n fún kálukú lórúkọ àti àwọ̀ tirẹ̀. Tí mo bá fi ẹnu páìpù kan sílẹ̀ láìso, kọ̀ǹpútà á bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìkìlọ̀ sí mi lójú gbogbo ọ́fíìsì. Mo lọ́kọ rí, ẹ̀yin èèyàn mi, kò ráhùn tó bẹ́ẹ̀.

Ọ̀gá Fọláyan, ẹ gbà mí síṣẹ́ nígbà tí mi ò mọ ibi tí wọ́n ti ń tan kọ̀ǹpútà. Mo ń pariwo, mo ń lé ọmọ ọlọ́mọ kúrò nídìí fáànù, ẹ fara dà á. Olúwayọmí, ìwọ tó o máa gba àga mi, ẹran inú ìrẹsì rẹ ọjọ́ yẹn, tí mo ní ológbò ló jẹ ẹ́, ṣé ọ́fíìsì wa ní ológbò ni? Dárí jì mí.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ ilé alága, torí òun ni kò jẹ́ kí n tètè fẹ̀yìn tì. Alága ti fún mi láṣẹ láti sọ ọ́.

Nígbà tí ẹbí wọn fẹ́ kọ́lé sí Odode, gbogbo wọn ló wá jókòó yí kọ̀ǹpútà mi ká. Mo ní kí yàrá kọ̀ọ̀kan gba omi lọ́tọ̀. Wọ́n ní ó tì, ṣé ọmọdé àti àgbà á jọ bu omi mu lẹ́ẹ̀kan náà ni? Omi gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dé yàrá Bàbá, alága wa, kó jáde níbẹ̀ lọ sí ti ẹni tó tẹ̀ lé wọn, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀, títí dé yàrá Bàbá Augustine, àbíkẹ́yìn, ní ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹnì kan tún pariwo pé, "Ẹ wo páìpù yìí, ó kàn ń kọjá lójú Bàbá, kò tiẹ̀ kí wọn!" Bí wọ́n ṣe ní kí páìpù kúnlẹ̀ nìyẹn. Mo tẹ̀ ẹ́ lórúnkún lẹ́nu ọ̀nà Bàbá. Ẹni tó tẹ̀ lé Bàbá ní ṣé òun ò tó kí ni? Kí n tó mọ̀, páìpù ti ń kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà gbogbo ẹni tó ju Bàbá Augustine lọ. Mo ṣàlàyé pé tí kọ́rọ́, ibi tí páìpù ti ṣẹ́po, bá pọ̀, á gba agbára lọ́wọ́ omi. Wọ́n ní ṣé omi tí kò lè kí àgbà ni àwọn fẹ́ fi kọ́lé?

Akínkúnmi púlọ́ńbà so ó bí mo ṣe yà á, a tan ẹ̀rọ. Wọ́n ní ẹni bá da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù. Bàbá tẹ ilẹ̀ tútù o! Gbogbo òtútù ilé dúró sọ́dọ̀ wọn. Wọ́n wọ súẹ́tà, wọ́n fi ṣọ́ọ̀lù lé súẹ́tà, wọ́n dé fìlà lé fìlà. Omi tó ti kó ooru gbogbo ẹbí, tó ti kúnlẹ̀ títí tó ti rẹ̀ ẹ́, òun ló ń dé ọ̀dọ̀ Bàbá Augustine. Síńgílẹ́ẹ̀tì ni wọ́n fi ń gbàlejò. Wọ́n wá sọ lójú gbogbo ilé pé àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Alága bínú, wọn ò bá àbúrò wọn sọ̀rọ̀ mọ́.

Ẹwàolúwa, ọmọ ọmọ alága, fi ẹkún pè mí. "Mọ́mì Hannah, Bàbá ń wúkọ́, wọ́n ń gbọ̀n. Dókítà ní òtútù yìí lè pa wọ́n. A ní ká pa ẹ̀rọ, wọ́n ní ẹni tó bá pa á ti gba ipò àgbà lọ́wọ́ àwọn." Ẹ̀rù bà mí, ẹ̀yin èèyàn mi. Ṣé páìpù tí mo yà ni yóò pa ẹni ọlọ́wọ̀, kí n wá fẹ̀yìn tì?

Mo gbé kọ̀ǹpútà, ó di Odode. Mo bá Bàbá nínú yàrá, eyín ń lu eyín. Mo kúnlẹ̀, mo kí wọn, mo ṣí àwòrán ilé síwájú wọn, mo fi àwọ̀ sí omi yàrá kọ̀ọ̀kan: èyí tó tutù di búlúù, èyí tó gbóná di pupa. Bàbá na ìka sí ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Ta ló wà nínú iná yẹn?"

"Bàbá Augustine ni, sà."

Mo ní mo lè tún un yà. Yàrá kọ̀ọ̀kan á gba omi tútù tirẹ̀ lára páìpù àlọ, páìpù àbọ̀ á sì yí po: yàrá tí omi bá kọ́kọ́ dé, omi tirẹ̀ ni yóò pẹ́ jù kó tó padà délé, ìyẹn ìdí ẹ̀rọ, yàrá tó dé kẹ́yìn, tirẹ̀ ni yóò tètè délé. Ìrìn gbogbo wọn á dọ́gba.

"Ṣé èmi ṣì ni àkọ́kọ́?"

"Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ jókòó sídìí oúnjẹ, Bàbá, ẹ̀yin náà lẹ máa kẹ́yìn dìde."

"Ìyẹn dáa. Ìkúnlẹ̀ ńkọ́?"

Ohun tí mò ń bẹ̀rù nìyẹn. Orúnkún ń ro mí, torí látìgbà tí mo ti wọlé ni mo ṣì wà nílẹ̀. Mo ní, "Bàbá, tí ọmọ bá kúnlẹ̀ kí yín, kí lẹ máa ń sọ?"

"Màá ní kó dìde."

"Bàbá, látọjọ́ tẹ́ ẹ ti kó wọlé yìí ni páìpù ti kúnlẹ̀. Ẹnì kankan ò tíì ní kó dìde. Èmi náà ṣì ń retí."

Bàbá wò mí, wọ́n wo kọ̀ǹpútà. Wọ́n gbọ́wọ́ lé e lórí bí ìgbà tí wọ́n ń súre fún ọmọ, wọ́n ní, "Dìde, ọmọ mi. Wàá pẹ́ láyé. O ò ní jò."

Mo ṣe àmín fún páìpù. Mo ń yọ kọ́rọ́ kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan, páìpù ń nà tọ́ọ́rọ́, ìkìlọ̀ ń lọ kúrò lójú kọ̀ǹpútà. Kí n tó ṣe tán, Bàbá ti gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ, wọ́n ń kan ilẹ̀kùn àbúrò wọn. "Augustine, jáde níbẹ̀ yẹn kí o tó jóná."

Akínkúnmi tún gbogbo ẹ̀ so, yàrá tutù dọ́gba, ikọ́ lọ. Súẹ́tà nìkan ló kù, Bàbá ní ó ti bá àwọn lára mu. Láìpẹ́ yìí mo lọ wo iṣẹ́ mi. Mo ṣí yàrá, kò séèyàn. Mo bá àwọn méjèèjì lórí àpáta ẹ̀yìn ilé, wọ́n ń jẹ bọ̀ọ̀lì, wọ́n ń jiyàn. Bàbá ní, "Hannah, iṣẹ́ rẹ dáa. A fi yàrá sílẹ̀ fún àlejò. Ta la ó máa bá sọ̀rọ̀ níbẹ̀?"

Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi wọ mọ́tò, ẹkún bá gbọ̀n mí. Mo ní ẹ̀gbọ́n kan ní Aládé, Àǹtí Joanna. Ẹ wò wọ́n lọ́hùn-ún, wọ́n ń nujú. Ojú fèrèsé mọ́tò ni mo ti ń kí wọn láti ọ̀pọ̀ ọdún wá, mi ò ní pa ẹ́ńjìnnì. Wọ́n á ní, "Hannah, wá jókòó." Màá ní iṣẹ́ ń dúró dè mí. Ó dùn mí o, ẹ̀yin èèyàn mi, ó dùn mí gan-an.

Alága, ẹ ó pẹ́ fún wa. Olúwayọmí, àga mi ò ní le mọ́ ọ nídìí. Gbogbo yín tẹ́ ẹ jáde wá, ayọ̀ lẹ ó bá nílé, ẹni tẹ́ ẹ fi sílé kò ní sọnù mọ́ yín lójú.

Àǹtí Joanna, tá a bá délé, ẹ má wulẹ̀ dáná. Àga ni kẹ́ ẹ bá mi gbé síta. Màá pa ẹ́ńjìnnì.

Ẹ ṣé o.